Daddy, Dọ̀bálẹ̀

Mojọláolúwa fi ìka mẹ́jọ gbé orí bàbá kan tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì wá ibi tí iṣan ọrùn rẹ̀ ti dì. Ó rí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ara rẹ̀, ó sì dẹwọ́. Bàbá náà mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Díẹ̀. Má dúró. Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ."

Solomon Ṣùpọ̀ ni orúkọ bàbá yìí. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún láàárín Thamesmead àti Woolwich, ó pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń fẹjọ́ sùn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Enoch, ló fi ẹ̀bẹ̀ mú un wá sí kílíníìkì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo Sátidé nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Barnfield Estate. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ osteopathy, iṣẹ́ fífi ọwọ́ tọ́jú egungun, iṣan àti oríkèé, ló ń tọ́jú àwọn aráàdúgbò níbẹ̀ lójú olùkọ́ wọn. Aláìsàn ń rí ìtọ́jú, akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ẹ̀yìn tòótọ́ fi kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń fi àkókò ẹnì kejì ṣòfò.

Ó ku díẹ̀ kí Mojọláolúwa wọ ọdún ìkẹyìn. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Nígbà tó rí orúkọ Yorùbá nínú fọ́ọ̀mù ọjọ́ náà, inú rẹ̀ dùn, ó pinnu pé èdè bàbá náà lòun yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ìpinnu nìkan kì í kọ́ ènìyàn ní èdè.

Ọrùn parí, ó kan ẹ̀yìn. Ó yẹ kí bàbá yí padà, kó fi ikùn lé bẹ́ẹ̀dì. Mojọláolúwa wá ọ̀rọ̀ náà nínú orí rẹ̀. Ó ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ìgbéyàwó bí àwọn ọkùnrin ṣe ń na ara wọn gbalaja, tí àyà àti ikùn wọn ń kan ilẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

"Daddy," ló wí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, "dọ̀bálẹ̀."

Bàbá la ojú.

"Kí lo wí?"

Ó rò pé kò gbọ́ ni. Ó gbé ohùn sókè. "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ fún mi, Daddy. Dáadáa. Kí gbogbo ikùn kàn án."

Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà láti ọjọ́ mẹ́ta fò sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi Ṣùpọ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Twenty-four, sir. But your back..."

"Bàbá tó bí mi ló gba ìdọ̀bálẹ̀ mi kẹ́yìn, ó sì ti wà nínú ilẹ̀!"

Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ yọ lórí àga, ó gbàgbé bẹ́líìtì rẹ̀ síbẹ̀, ó ya kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde. Níta, Enoch ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Bàbá rẹ̀ rí èjìká yẹn. Ohun tó jẹ́ àṣìsọ tẹ́lẹ̀ di ẹ̀gàn lójú ẹsẹ̀.

*

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Enoch padà wá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ títún líìfìtì ṣe ló ń ṣe nínú àwọn ilé gíga. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n mú un wá láti Èkó, nítorí náà Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣì gún régé.

"Mo wá gba bẹ́líìtì bàbá mi," ló wí.

Mojọláolúwa ti ká bẹ́líìtì náà sínú àpò pépà, ó ti kọ orúkọ sí i. Ó mú un jáde, kò lè wo ojú ọmọkùnrin náà.

"Ṣé ó fi ọwọ́ mú ṣòkòtò dé ilé ni?"

"Dé Thamesmead West. Nínú bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wà á."

"Oh my days." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Please, kí ni mo sọ gan-an? Mo bi mummy mi, wọ́n kàn ká ọwọ́ lé orí."

"O ní kó kí ẹ bí ẹni kí ọba."

"Mo fẹ́ kó sùn pẹ̀lú ikùn ni!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n 'dojú bolẹ̀' là ń sọ. Fún ẹni tó jù ẹ́ lọ, 'ẹ dojú bolẹ̀.' Ẹ yẹn ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ."

"Ẹ dojú bolẹ̀," ni Mojọláolúwa wí. Ó tún un wí. Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí àmì ń lọ. Enoch ti pàdé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó lè fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Kò tí ì rí èyí tó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín tán tó wá béèrè àmì ohùn.

Sátidé kẹta, ó tún dé, ó ń di èjìká mú. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ni Àǹtí Alice, ìyá àgbà ọmọ Ìbàdàn tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Èjìká ni, Ma."

"Ọ̀tún àbí òsì?"

Enoch ronú díẹ̀. "Ọ̀tún."

"Ọ̀tún tí o fi gbé àga mẹ́fà fún mi lẹ́ẹ̀kan náà nísinsìnyí?"

Enoch ju èjìká sílẹ̀. Àǹtí Alice ti fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀, ó fi ìka lé e lórí.

"Gbọ́, ọmọ mi. Tí o bá kọ orúkọ rẹ síbí, o ti di aláìsàn rẹ̀ nìyẹn. Òfin iṣẹ́ wọn sì ni pé wọn kì í fẹ́ aláìsàn ẹni. Tí olùkọ́ wọn bá gbọ́ irú ẹ̀, wọ́n lè lé ọmọ yẹn kó tó gbàwé ẹ̀rí. Nítorí náà, yan ọ̀kan. Èjìká ni, àbí ọmọ?"

Enoch wo bírò. Ó wo kọ́tìnnì tí Mojọláolúwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi bírò lélẹ̀.

"Èjìká ti san, Ma."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Má rún fọ́ọ̀mù yẹn o. Ẹlòmíì ń bọ̀ tó máa lò ó. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń parí iṣẹ́. Dúró síta, má fara ti ògiri bí olè."

Bí Àǹtí Alice ṣe di alárinà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Mojọláolúwa jáde. Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bá odò láti Woolwich, wọ́n rìn títí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mojọláolúwa ń bi í ní ọ̀rọ̀, Enoch ń dáhùn. Kí ni wọ́n ń pe èyí? Ìgbúnwọ́. Èyí ńkọ́? Orúnkún. Nígbà tó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀, Enoch ní, "Ẹ̀bátí. Ibi tí ọkàn ti máa ń lù tí ènìyàn ò fi ní sọ pé ọkàn òun ń lù." Mojọláolúwa mọ̀ pé apá ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè. Kò béèrè àlàyé.

*

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, Enoch lọ bá bàbá rẹ̀ ní ilé, ó sọ orúkọ ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́.

Bàbá Ṣùpọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti di àṣà rẹ̀ láti máa dúró. Tó bá jókòó, dídìde a máa gbà á ní àkókò.

"Ọmọ tó ní kí n dọ̀bálẹ̀?"

"Daddy, àṣìsọ ni."

"Àṣìsọ ni. Mo gbà. Ẹ̀rín tí ìwọ rín ńkọ́? Àṣìrín ni?"

Enoch fa àga kan sún mọ́ ọn. Bàbá kò jókòó.

"Enoch, ní gáréèjì, ọmọ tí mo lè bí ló ń pè mí ní Solly. Mo dákẹ́. Ní báńkì, Solomon. Ní ọ̀dọ̀ dókítà, Solomon. Ọdún méjìlélógún. Ilé yìí nìkan ló kù tí mo ti ń jẹ́ Daddy, ìwọ nìkan ló sì kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. O wá fẹ́ mú ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbà àti bẹ́ẹ̀dì wọ ibẹ̀. Mi ò gbà. Tí o bá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ lé ẹ débẹ̀."

Enoch mọ bàbá rẹ̀. Kì í lérí. Àbúrò bàbá kan ṣoṣo ló ní ní ìlú yìí, ìyẹn náà kò sì ní dìde bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá dìde. Ta ni yóò wá tọrọ ìyàwó fún un? Ọkùnrin kì í dá nìkan lọ tọrọ ìyàwó fún ara rẹ̀ bí ẹni tó lọ ra ṣúgà.

Mojọláolúwa kò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. Folúkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, opó ni, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe ní Thamesmead East. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ju kànìnkànìn sínú omi.

"Ọmọ mi ò ní lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀?"

"Mummy, kí ló dé tí mi ò mọ̀ ọ́n?"

Ìbéèrè náà kò le, ohùn rẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n Folúkẹ́ dúró, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí o wà ní nursery, o pẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Tíṣà ní èdè méjì ló ń dí ẹ lọ́wọ́. Ó ní kí n máa sọ English nìkan nílé. Mo gbọ́ràn. Èmi tí mi ò gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu rí, mo gbọ́ràn sí tíṣà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Lọ mú ìwé wá."

Láti ọjọ́ náà, gẹ̀ẹ́sì kò wọ kíṣìnnì yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Mojọláolúwa ń kọ wọ́n pẹ̀lú àmì, ó ń kà wọ́n sókè nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà míì ó máa ń bi ara rẹ̀ bóyá asán ni. Bí bàbá náà kò bá gbà ńkọ́? Bóyá ẹnu rẹ̀ kò ní gún láé, bóyá títí láé ni yóò máa jẹ́ òyìnbó láàárín àwọn ẹni rẹ̀ àti àlejò láàárín òyìnbó. Ó ń ro èyí, ó sì ń kọ ìkọkànlá sí i láti fi san gbèsè ọjọ́ tó ṣàìsàn.

*

Àǹtí Alice fún Mojọláolúwa ní oṣù mẹ́ta láti fi kọ́ èdè. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead West.

"Àǹtí Alice, ẹ káàbọ̀," ni Bàbá Ṣùpọ̀ wí. "Tó bá jẹ́ nítorí ọmọ yẹn lẹ ṣe wá, tíì wà, èsì kò sí."

"Tíì náà tó. Bàbá Enoch, ẹ jókòó ká jọ mu ún."

"Mo fẹ́ dúró."

"Ẹ fẹ́ dúró, àbí ẹ ò lè jókòó?"

Bàbá Ṣùpọ̀ gbé tíì lé orí fèrèsé. "Ilé ìwòsàn ní kí n dúró oṣù méje sí i."

"Ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ sì ń bá ọwọ́ tó lè wò ó jà. Ó dáa, tí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ yẹn, ọmọ òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó lè tọ́jú yín. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja inú firísà."

Bàbá rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì fi ìyà jẹ ẹ́ fún un.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?" ni Àǹtí Alice bi í. "Kí ó wá kúnlẹ̀?"

"Ìkúnlẹ̀ kò nira. Ẹni tó ń bú ènìyàn nínú náà lè kúnlẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀. Kó tọ́jú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sọ nǹkan kan àfi Yorùbá. Bí mo bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, mo dìde, ọ̀rọ̀ parí."

"Bí ẹ ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe é."

*

Ní Sátidé náà, olùkọ́ wọn, obìnrin òyìnbó kan, jókòó sí igun lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń wò. Enoch àti Àǹtí Alice wà níta. Aṣọ tín-ín-rín ló pín wọn níyà.

Mojọláolúwa kúnlẹ̀ kí bàbá, kò ṣe àṣejù, ó dìde. "Ẹ káàsán, sà."

"Sà yẹn, gẹ̀ẹ́sì ni."

Ohùn Àǹtí Alice wọlé láti ìta: "Bàbá Enoch! Sà ti di Yorùbá láti ìgbà tí ẹ ti ń wọ ṣòkòtò péńpé!"

Bàbá kùn. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tẹ orí síwájú, díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó. Níbo ló ti ń dùn yín? Ṣé ó ń ta yín, àbí ó ń ro yín?"

Bàbá Ṣùpọ̀ wò ó. Àwọn dókítà ti bi í pé ìrora rẹ̀ jẹ́ mélòó nínú mẹ́wàá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnì kan ti bi í kẹ́yìn bóyá ó ń ta á tàbí ó ń ro ó.

"Ó ń ro mí," ló wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dojú bolẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá dojú bolẹ̀. Mojọláolúwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti èjìká, ó ń sọ ohun tó ń ṣe kó tó ṣe é, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní eegun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ibi tí itan ti pàdé ara, ó ní, "Ẹ gbé..."

Ọ̀rọ̀ náà sá lọ. Ó rí ojú ìwé tó kọ ọ́ sí, ó rí àbàwọ́n epo tó wà lórí ojú ìwé náà, kò rí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì ti dúró lẹ́nu rẹ̀, ó kúrú, ó ṣetán. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

Láti inú ihò tí bàbá ti orí bọ̀ ní ẹnu bẹ́ẹ̀dì, ohùn kan jáde.

"Ìbàdí."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ gbé ìbàdí yín sókè díẹ̀."

"It's all right, carry on."

"Gẹ̀ẹ́sì!" ni Àǹtí Alice pariwo. "Ta ló sọ gẹ̀ẹ́sì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ dìde nígbà náà!"

"Mi ò dìde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́."

Mojọláolúwa ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bàbá tẹ̀ ní ọ̀nà tí àga bọ́ọ̀sì nìkan kò lè fi tẹ̀ ẹ́.

"Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

"Mò ń sùn."

"Lórí kí ni, sà?"

"Lórí àga pálọ̀. Láti ìgbà tí ìyá Enoch ti kú. Ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti fẹ̀ jù."

Níta, Enoch gbé orí sókè. Abbey Wood ni òun ń gbé. Kò mọ̀.

Mojọláolúwa kò yára sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ níbi tó wà títí ìmí bàbá fi rọlẹ̀.

"Tí ẹ bá délé, ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn sí apá tiyín. Apá tí ìyá Enoch máa ń sùn sí ni kí ẹ sùn sí, kó jẹ́ pé apá tiyín ló máa ṣófo."

"Inú ìwé yín ni ìyẹn wà?"

"Rárá, sà. Bí mummy mi ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí daddy mi kú."

Ìtọ́jú parí. Bàbá dìde, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó dé bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó jókòó lórí àga, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìdi ohunkóhun mú, ó sì so okùn bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Mojọláolúwa," ló wí. Ó pe gbogbo rẹ̀, kò gé e. "Ọjọ́ wo ni ìyá rẹ máa ń ráyè?"

"Ọjọ́ Àìkú, sà. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Sọ fún wọn pé èmi àti àbúrò mi ń bọ̀ wá kí wọn."

Àga kan ṣubú lulẹ̀ níta. Enoch ló ta á.

Nígbà tí bàbá jáde, olùkọ́ dìde láti igun, ó ní iṣẹ́ náà dára, ó sì béèrè ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn náà yóò padà wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn," ni Mojọláolúwa dá a lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì. "Mi ò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń bọ̀ wá kí mummy mi ní ọjọ́ Àìkú."

Olùkọ́ rò pé ìwà ọmọlúwàbí lásán ni. Mojọláolúwa kò ní àkókò láti ṣàlàyé irú kíkí tó jẹ́. Ó ká pépà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi oògùn nu bẹ́ẹ̀dì, ó ṣan ọwọ́. Ó kọ ohun tó rí àti ohun tó ṣe sínú fáìlì, olùkọ́ bu ọwọ́ lù ú. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó pa iná, ó sì jáde.